Ẹgbẹ́ Tó Jókòó Tì Ọ́ Títí O Fi Lọ

Ọdún mẹ́fà lónìí, Ọ̀yàyà, inú ṣì ń bí mi!

Mo mọ̀ pé kì í ṣe báyìí ni àwọn ẹbí máa ń bá òkú wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ìwọ ẹlẹ́yinjú àánú, ìwọ abiyamọ tòótọ́, sùn un re o. Àwọn tó fẹ́ sọ ìyẹn ti sọ ọ́, ẹnu wọn ò sì tíì rẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá wa wà níbi iṣẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà. Bí ẹnì kan bá lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí ọ, èmi ni, mo sì ń lo ẹ̀tọ́ mi.

Ọ̀yàyà ni bàbá wa ń pè ọ́ nítorí ẹ̀rín ẹnu rẹ. Orúkọ náà mọ́ ọ lára débi pé nígbà tí àìsàn yẹn dé, kò sẹ́ni tó gbà pé ìwọ ni. Báwo ni Ọ̀yàyà ṣe máa dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kó kọjú sí ògiri? Báwo ni Ọ̀yàyà kan náà ṣe máa wá di ẹni tí oorun kì í kùn mọ́, tó ń ra aṣọ tí kò ní í wọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè bá a dé ìparí rẹ̀? Àìsàn náà ń gbé ọ sókè, ó ń gbé ọ sílẹ̀, àwa sì ń wò ọ́ lójú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́ ìròyìn ilé fún ọ. Ilé ìfọṣọ wa ṣì wà. Mo ti ra ẹ̀rọ tuntun tó ń fọ aṣọ tó sì ń fún un, aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura la sì ń fọ̀ báyìí, yàtọ̀ sí ti àwọn ará àdúgbò. Páànù tó ń jò sí wa lórí níbi tí a ti ń lọ aṣọ, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ ti ga jù mí lọ! Nígbà tí o lọ, orí rẹ̀ ò kọjá tábìlì ìlọṣọ. Ohùn rẹ ló gbé. Bó bá pè mí láti ẹ̀yìn, ọwọ́ mi a dúró lórí irin, mo sì ti fi irin jó aṣọ oníbàárà nítorí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ rẹ náà ṣì wà. Ẹgbẹ́ A-ti-débẹ̀-rí! Ó ti ní ẹ̀ka káàkiri ìlú báyìí, ìjọba mọ̀ ọ́n, àwọn dókítà ń darí èèyàn síbẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tuntun, ńṣe ni wọ́n ń sọ ọ́ bí ohun tó já bọ́ láti ọ̀run. Irọ́ ni! Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ mi ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí.

Ìwọ, Kápẹ́ńtà àti Olùkọ́-fẹ̀yìntì lẹ pàdé lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, níbi tí ẹ ti ń dúró de dókítà ọpọlọ. Dókítà á wò yín fìrí, á kọ oògùn, ó tán. Orí bẹ́ǹṣì yẹn lẹ ti ń rí ìtura, nítorí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Nígbà tó yá, ẹ kì í lọ sílé mọ́ lẹ́yìn tí dókítà bá ti rí yín tán, àfi bí agbálẹ̀ bá gbá yín jáde. Lo bá wá bá mi. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi ní yàrá ẹ̀yìn. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni, lẹ́yìn tí ẹ bá ti palẹ̀ mọ́." Mo bi ọ́ pé àwọn wo ló ń bọ̀. O ní àwọn èèyàn bíi tìẹ.

Mo yá ọ. Mi ò bèèrè nǹkan kan. Tíì mi lẹ mu, ṣúgà mi lẹ fi sí i!

Òfin tí o kọ́kọ́ ṣe pa mí lẹ́rìn-ín. O ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kí lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé dáadáa ni, tó bá dáhùn pé a dúpẹ́, kó padà síta, kó tún ìdáhùn rẹ̀ mú wá. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀, a dúpẹ́ ló ń wí. Ẹni tí kò tíì wẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, a dúpẹ́. O ní ìdúpẹ́ yẹn ló ń pa èèyàn. Mo ń gbọ́ yín láti ìta, tí ẹ ń lé ara yín padà sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú yín nídìí aṣọ tí mò ń lọ.

Wọ́n ń pọ̀ sí i. Ọlọ́pàá kan wà tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan náà ló ń mú wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí oníbàárà, mo sì ń fọ̀ ọ́ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìdọ̀tí, títí ọrùn rẹ̀ fi ya. Ẹ ní ọ̀rọ̀ tiyín. "Òkè" ni ẹ ń pe ìgbà tí ara bá ń yá jù, tí owó ń jóná, tí oorun ń sá. "Kòtò" ni ẹ ń pe èkejì. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ kì í gbà á nímọ̀ràn, ẹ ò ní ní kó fọkàn balẹ̀. Gbogbo yín á kàn sọ pé, "A gbọ́ ọ."

Ìgbà tí Kápẹ́ńtà bọ́ sínú kòtò tirẹ̀ ni o dá ìjókòótì sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí, àwọn ẹbí ti bú u títí. O lọ síbẹ̀, o gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, o jókòó. O ò ní kó dìde. O ò ní kó jẹun. Olùkọ́-fẹ̀yìntì ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹlòmíràn tún gbà á lọ́wọ́ òun náà, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń pààrọ̀ ara yín títí ọkùnrin náà fi dìde fúnra rẹ̀, tó wẹ̀, tó sì mú ayùn. Òun ló kan gbogbo àga tó wà nínú yàrá yẹn. Ìjókòótì gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Mi ò ní sẹ́ ẹ, bí inú tilẹ̀ ń bí mi.

Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lẹ ṣe yàrá yẹn fún. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ rí, yálà òkè tàbí kòtò, kò gbọ́dọ̀ wọlé, òfin ni. Nínú ilé tí mo ń sanwó lé lórí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ń dúró sí!

Nígbà tó yá, àárẹ̀ kan dé bá ìwọ náà. O bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀. Oúnjẹ ń rùn sí ọ. O ní kòtò ti ṣí ẹnu, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti débẹ̀ rí! Mo rí i pé o ti ń tẹ ẹ̀yìn bàtà rẹ mọ́lẹ̀, pé ẹsẹ̀ rẹ ò wọ inú rẹ̀ mọ́. Mo rí i pé ojú rẹ ń wú láàárọ̀. Mi ò mọ ohun tó jẹ́, mo kàn mọ̀ pé bàtà yẹn kì í fún ọ tẹ́lẹ̀. Mo sọ. Olùkọ́-fẹ̀yìntì ní oògùn tuntun ló ń fà á. Mo ní kí a gbé ọ lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n ní ẹni tó bá wà nínú kòtò, àwọn kì í fà á lápá. Mo kọjú sí ìwọ fúnra rẹ. Ṣé o rántí ohun tí o sọ fún mi, Ọ̀yàyà? O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò débẹ̀ rí. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n."

Ìwọ! Ìwọ tí mo pọ̀n!

Ni wọ́n bá jókòó tì ọ́. Wọ́n jókòó láàárọ̀, wọ́n jókòó lọ́sàn-án. Wọ́n jókòó pẹ̀lú ìfẹ́, wọ́n jókòó pẹ̀lú sùúrù, wọn ò bi ọ́ ní nǹkan kan, wọn ò fà ọ́ lápá. Kápẹ́ńtà ló jókòó jù, nítorí ìwọ lo jókòó tì òun. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, oòrùn wà lójú fèrèsé, Kápẹ́ńtà jókòó síbẹ̀, ó rò pé o sùn. Èmi ni mo gbé omi wọlé tí mo rí i pé o ò sùn.

Ọsibítù ló sọ fún wa. Kíndìnrín rẹ méjèèjì ti ṣíwọ́ iṣẹ́ tipẹ́, omi ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ. Dókítà bi mí pé ṣé a ò rí i pé ara rẹ ń wú ni. Mo wo Kápẹ́ńtà, Kápẹ́ńtà wo ilẹ̀.

Mo lè gbé ìyẹn mì, bó tilẹ̀ korò. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni ohun tí wọ́n wá ń sọ lẹ́yìn náà. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ ikú rẹ bá pé, Kápẹ́ńtà á dúró síwájú àwọn ẹni tuntun, á sọ ìtàn ẹgbẹ́ láti orí bẹ́ǹṣì ọsibítù wá. Bó bá dé ibi ikú rẹ, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀. Á ní, "Àìsàn tó kó gbogbo wa jọ yìí náà ló mú un lọ. Ó fi wá sílẹ̀." Ó tán! Kò ní sọ ti kíndìnrín. Kò ní sọ ti àga tó jókòó lé. Kí ni ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ máa rò? Ohun tí gbogbo ìlú rò náà ni. Wọ́n ní o pa ara rẹ.

Wọ́n sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń gba aṣọ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ fún ọmọ rẹ.

Ní ọdún tó kọjá, èmi àti ọmọ náà ń ká aṣọ ibùsùn. O mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é, kí ẹnì kan di etí méjì mú, kí ẹnì kejì di méjì, kí a wá rìn pàdé ara wa. Bí a ṣe pàdé, ó ní, "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni pé ìyá mi ló pa ara rẹ̀?" Mo ní rárá o! Mo sọ ti kíndìnrín, mo sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ. Ó fetí sílẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà kì í sọ òtítọ́ irú nǹkan báyẹn fún ọmọdé. Ẹ ò kúkú sí níbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó fi wá sílẹ̀." Ó ká aṣọ náà délẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí èyí tó kù. Ó wá ní, "Mo bá a jà láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, nítorí ó ní òun ò ní lè wá wo eré ìje mi. Mo ní àtisùn nìkan ló mọ̀."

Ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ ti ń gbé kiri láti ìgbà yẹn, tó ń gbé e lọ sílé-ìwé, tó ń gbé e bọ̀?

Mo lọ bá Kápẹ́ńtà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní kó wá sọ fún ọmọ náà bó ṣe rí. Ó ń fọwọ́ ra pákó kan, kò wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn á tú ẹgbẹ́ ká. Bí èèyàn bá gbọ́ pé a jókòó ti olórí wa títí tó fi kú, ta ló tún máa gbà kí a jókòó tì òun? Àwọn kan ò ní nǹkan mìíràn tó mú wọn dúró láyé ju ìjókòó yẹn lọ."

Mo ní, "Ọmọ ńkọ́?"

Ó ní ọmọ á dàgbà, á yé e.

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkùnrin yẹn, "ẹ" ni mo ń fi bá a sọ̀rọ̀, nítorí ó jù mí lọ. Lọ́jọ́ yẹn, "ìwọ" ni mo pè é. Mo ní ìwọ Kápẹ́ńtà, ojo ni ọ́. Mo ní o jókòó lórí àga títí àbúrò mi fi kú, o wá ń fi í bo ara rẹ. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ dáwọ́ dúró, mo sì tún un sọ kí ó lè dá wọn lójú pé wọ́n gbọ́ ọ.

Mo délé, mo ti yàrá ẹ̀yìn pa. Mo ra àgádágodo, mo fi sí i. Ọjọ́bọ̀ pé, wọ́n dé, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí, lórí bíríkì àti agolo. Òjò pa wọ́n lọ́sẹ̀ kejì, mo sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, mò ń lọ aṣọ mi lọ. Olùkọ́-fẹ̀yìntì wá bẹ̀ mí. Ọlọ́pàá oníṣẹ́ẹ̀tì wá bẹ̀ mí, ó ní, "Màmá, bí ẹ bá tì í pa, ibo ni mo fẹ́ lọ tí wọn ò ní dá mi mọ̀?" Ó dùn mí, mi ò purọ́. Mi ò ṣí i. Mo ní kí wọ́n lọ bi Kápẹ́ńtà. Wọ́n pè mí ní ìkà obìnrin, mo sì jẹ́ ẹ. O ò bá ti kọ́ wọn pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà nìkan ni kí wọ́n ti máa sọ òtítọ́!

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá bẹ́ẹ̀ kí Kápẹ́ńtà tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti gbẹ. Ó dúró níwájú tábìlì mi bí ẹni tó wá gba aṣọ. Ó ní, "Ẹ ṣí i, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ pe ọmọ náà wá. Ẹ̀yin náà, ẹ wọlé."

Bí mo ṣe wọ yàrá yẹn nìyẹn, Ọ̀yàyà, èmi tí mi ò débẹ̀ rí. Àga líle ni ó kàn fún yín. Ọmọ rẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fọwọ́ bọ abẹ́ itan. Kápẹ́ńtà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti orí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó dé ibi ikú rẹ, ó dúró. Mo rò pé á tún yẹ̀ ẹ́ ni, mo ti ń wá ohun tí mo máa jù lù ú.

Ó ní, "Irọ́ ni mo ti ń pa fún yín. Kíndìnrín ló pa á. Ara rẹ̀ wú lójú wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, a ní kò débẹ̀ rí. A rò pé gbogbo àárẹ̀ ni kòtò, nítorí kòtò la mọ̀. Èmi ni mo jókòó tì í. Ó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rò pé oorun ni. Mo tún ń kí ara mi pé oorun ti gbé e, pé ó ti ń gbádùn."

Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò rántí sọ pé, "A gbọ́ ọ." Olùkọ́-fẹ̀yìntì ló wá ní láti ìsinsìnyí lọ, a ò ní gbé àga ti ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé dókítà ara ti yẹ̀ ẹ́ wò ná. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ó yá wọn lára jù lójú mi, inú bí mi gidi. Bó ṣe rọrùn tó rèé! Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó sì gbà wọ́n ní ọdún mẹ́fà!

Ọmọ rẹ ló sọ̀rọ̀. Kò dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìyá mi sọ kẹ́yìn?"

Kápẹ́ńtà ní kò sọ ohun kan tó nítumọ̀. Ọmọ náà ní kó ṣáà sọ ọ́. Ọkùnrin náà ronú, ó fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ó ní kí n ṣí fèrèsé. Mo ní ó ti wà ní ṣíṣí. Ó ní kí n ṣí i sí i, pé atẹ́gùn ò tó òun. Ó ní kí n gbé òun jókòó. Mo gbé e jókòó, mo fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ó bi mí pé aago mélòó ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jáde lọ́jọ́ eré ìje, pé bí òun bá lè mí díẹ̀ sí i, òun á lọ."

Ọmọ náà ń wò ó.

Ó ní, "Ó fẹ́ wá."

Kápẹ́ńtà ní, "Ó fẹ́ wá."

Ó tún bèèrè, wọ́n sì tún un sọ fún un, gbogbo wọn, títí kan àwọn tí kò mọ̀ ọ́ rí, pé ìyá rẹ̀ fẹ́ wá. Ọ̀yàyà, ọmọ rẹ sunkún. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọ́, mi ò rí omi lójú ọmọ yẹn nítorí rẹ rí, ó sì sunkún títí aṣọ èjìká mi fi tutù.

Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà fún wọn. Mi ò tíì dárí ji Kápẹ́ńtà. Bóyá mo máa dárí jì í, bóyá mi ò ní í dárí jì í, iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Ìwọ náà, mi ò tíì dárí jì ọ́ pé o gba gbogbo wọn gbọ́ jù mí lọ. Inú á máa bí mi títí a ó fi pàdé, bí a bá sì pàdé, màá kọ́kọ́ gbá ọ létí kí n tó dì mọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní, ọmọ rẹ ló jí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dìde, ọjọ́ ìyá mi ni." Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. À ń ṣàárò rẹ, Ọ̀yàyà! Lójoojúmọ́ ni à ń ṣàárò rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ gan-an, ọmọ rẹ sì ti mọ̀ báyìí pé o ò fi òun sílẹ̀.